Oko Kànáfùrù Ni Kí Ìrìn Àjò Zanzibar Ti Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Zanzibar lónìí, etí òkun ni wọ́n ń bá lọ. Tọkọtaya tuntun ń lọ fún ìsinmi ìgbéyàwó, ẹni tó pé ogójì ọdún ń kó ọ̀rẹ́ lọ, ìdílé ń kó ọmọ lọ nígbà tí ilé ìwé bá gba ìsinmi. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń yọ sọ́tọ̀ láti rìn kiri wo ilẹ̀ tí wọ́n wá. Ọjọ́ kan yẹn ló ń bàjẹ́ jù lọ, àtẹni tó tà á àtẹni tó rà á ló sì jọ ń bà á jẹ́. Ohun tó dára jù tí arìnrìn-àjò lè fi ọjọ́ náà ṣe ni kó gba amọ̀nà kan, ọmọ erékùṣù náà, fún òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ nìkan láti àárọ̀ dalẹ́. Kó fi òwúrọ̀ lọ sí oko kànáfùrù, kó fi ọ̀sán wọ Stone Town, ìlú àtijọ́ ibẹ̀, kó sì fi gbogbo ohun yòókù sílẹ̀.

Ìmọ̀ràn yìí kò bá ohun tí àwọn oníṣòwò ìrìn àjò ń tà mu. Nínú ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí oníbàárà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n fẹ́ kó rí Stone Town, oko, igbó Jozani tí àwọn ọ̀bọ pupa wà, erékùṣù Changuu tí wọ́n ń pè ní Erékùṣù Ẹ̀wọ̀n, àwọn ẹja dolphin ní Kizimkazi, kó tún jẹun ọ̀sán nílé oúnjẹ tó wà lórí àpáta inú omi ní Michamvi. Ẹni tó mọ ilẹ̀ ibẹ̀ yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é ṣe. Unguja, erékùṣù tó tóbi jù nínú àwọn erékùṣù Zanzibar, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 85. Nungwi tí òtẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí wà ní ìparí àríwá, Kizimkazi wà nísàlẹ̀ gúúsù, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ dé Changuu. Ẹni tó bá sùn ní Nungwi yóò lo wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú títì kó tó fojú kan Stone Town rárá. Tó bá wá gbìyànjú láti dé ibi mẹ́fà, inú ọkọ̀ ni yóò ti lo ọjọ́ rẹ̀. Yóò dà bí ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò nínú ìkòkò mẹ́fà tí kò sì jẹun.

Kànáfùrù kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Ó wà nínú àgbo, ó wà nínú sóbò, ẹni tí eyín ń dùn a sì máa há a sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ni kò rí i lórí igi rí. Òdòdó tí kò tíì là ni. Ó máa ń so ní òṣùṣù lẹ́nu ẹ̀ka, orí rẹ̀ ṣe róbótó, àwọ̀ ewé ni, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká a, kí òdòdó náà tó là, nítorí tó bá ti là, ọjà ti bọ́ nìyẹn. Ẹni tó ń ká a á gun igi, á fa ẹ̀ka mọ́ra, á já òṣùṣù náà lódindi. Nílẹ̀, wọ́n á máa yọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan kúrò lára igi rẹ̀ tín-ín-rín, wọ́n á sá a sórí ẹní nínú oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan títí tí yóò fi gbẹ, tí yóò sì dúdú. Nígbà ìkórè, òórùn rẹ̀ máa ń gba gbogbo abúlé kan. Iṣẹ́ náà kò ṣe é fi ẹ̀rọ ṣe, ọwọ́ púpọ̀ ló sì ń fẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ púpọ̀ yìí ni wọ́n ń fò nínú ìrìn ẹgbẹ́ oní bọ́ọ̀sì. Wọ́n á kó ogún èèyàn sọ̀ kalẹ̀. Amọ̀nà á já ewé, á rún un lọ́wọ́, á ní kí àlejò gbóòórùn rẹ̀ kó sọ ohun tó jẹ́. Wọ́n á gé èèpo igi sínámọ́nì, wọ́n á wú àtàlẹ̀ pupa nílẹ̀, wọ́n á fi èso kan tó pupa kun ètè àwọn obìnrin. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á gun àgbọn, á máa kọrin lókè. Wọ́n á fi imọ̀ àgbọn hun fìlà fún ọkùnrin, wọ́n á hun ìlẹ̀kẹ̀ fún obìnrin, wọ́n á wá kó gbogbo wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ta èròjà nínú ọ̀rá kéékèèké. Kò sóhun tó burú nínú èyí, àwọn ọmọdé sì máa ń gbádùn rẹ̀ gidigidi. Ohun tó burú ni kí èèyàn kúrò lábẹ́ igi kànáfùrù láìgbọ́ nípa ẹni tó gbìn ín.

Ìtàn náà kò ṣòro láti sọ. Sayyid Said, Ṣúltáánì Òmáànì, ló kó ìjọba rẹ̀ kúrò ní Muscat wá sí Zanzibar ní nǹkan bíi 1840, nítorí pé owó ti wà nínú kànáfùrù. Ó pàṣẹ fún àwọn onílẹ̀ pé kí wọ́n gbin igi kànáfùrù mẹ́ta fún igi àgbọn kan. Àwọn ẹrú ni wọ́n fi gbìn ín, wọ́n ń kó wọn láti àárín gbùngbùn ilẹ̀, títí dé agbègbè adágún Nyasa, wá sí etíkun, kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ìgbòkun gbé wọn sọdá. Ní 1872, ìjì líle kan wó ọ̀pọ̀ jù lọ igi kànáfùrù Unguja lulẹ̀. Pemba, erékùṣù kejì tí ìjì náà kò bà jẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ló gba ipò iwájú, òun náà ló sì ń mú kànáfùrù jáde jù títí dòní. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba January 1964, ìjọba tuntun gba oko lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ ńláńlá, ó sì pín in fún àwọn tálákà ní éékà mẹ́ta mẹ́ta. Bí amọ̀nà bá jẹ́ ọmọ erékùṣù, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ irú èyí wà nínú ìdílé tirẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn baba ńlá rẹ̀ ló ń roko náà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn ló ni ín kí wọ́n tó gbà á. Ohun tí yóò sọ kò ní jẹ́ ọ̀kan náà. Ọ̀kan kò sì ṣe é gbọ́ nínú méjèèjì bí èrò ogún bá ń dúró kí bọ́ọ̀sì gbéra.

Ìdí nìyí tí oko fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ìlú. Ẹni tó bá ti oko wọ Stone Town, tó sì gba àdúgbò Mkunazini dé ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Áńgílíkà, yóò mọ ohun tó ń wò. Orí ọjà ẹrú ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ní 1873, Ṣúltáánì Barghash fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti ọjà náà pa, wọ́n sì fi ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún yẹn kan náà. Bíṣọ́ọ̀bù Edward Steere ló dúró ti iṣẹ́ náà, ẹ̀yìn pẹpẹ ni wọ́n sì sin ín sí. Níwájú pẹpẹ, òkúta mábù funfun kan wà nílẹ̀, ó rí róbótó, àwọ̀ pupa yí i ká. Wọ́n ní ibẹ̀ ni igi tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ láti nà wọ́n wà. Níta, nínú kòtò kan, ère èèyàn márùn-ún dúró tí ẹ̀wọ̀n so wọ́n mọ́ra lọ́rùn. Clara Sörnäs ará Sweden ló gbẹ́ ẹ ní 1998.

Amọ̀nà tó ń sáré á ní ọjà tì ní 1873, Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí i, á sì kọjá. Àlejò tó ti oko bọ̀ láàárọ̀ yóò fẹ́ mọ ẹni tó ń ká kànáfùrù lẹ́yìn ọdún yẹn. Ẹrú náà ni. Ọdún 1897 ni òfin tó sọ pé ẹrú lè gba òmìnira tó jáde. Fún ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn tí ọjà tì, àwọn ẹrú ṣì wà lóko. Kò sí àwòrán tó lè fi èyí hàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ẹnu amọ̀nà ló lè so oko àti pẹpẹ pọ̀, nítorí ìsopọ̀ yìí gan-an sì ni èèyàn fi ń sanwó fún un.

Àpẹẹrẹ mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Lábẹ́ ilé kan nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n máa ń mú àlejò wọ yàrá méjì tí òrùlé wọn lọ sílẹ̀ débi pé àgbàlagbà ní láti tẹ̀, wọ́n á sì sọ fún un pé ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí kí ọjọ́ ọjà tó pé. Ọ̀pọ̀ máa ń sunkún níbẹ̀. Àmọ́ àwọn òpìtàn kan sọ pé lẹ́yìn tí ọjà ti tì ni ìjọ kọ́ ilé náà, fún ìtọ́jú aláìsàn. Amọ̀nà rere á sọ ìhà méjèèjì. Kò ní bẹ̀rù pé òótọ́ yóò dín ẹkún kù, nítorí ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn èèyàn náà kò nílò yàrá kankan láti jẹ́rìí sí i. Nínú ẹgbẹ́ ńlá, irú àlàyé yìí kì í wáyé: ẹni tó bá béèrè ń dá ogún èèyàn dúró, amọ̀nà náà sì mọ̀ pé ìtàn tó mú omi bọ́ lójú ló ń mú ẹ̀bùn wá. Àwọn tó ti lọ Àgbádárìgì mọ irú ìdẹwò yìí dáadáa. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹni tó bá ń fi ọ̀nà hàn án ló ni ọjọ́ náà lọ́wọ́.

Erékùṣù Ẹ̀wọ̀n pàápàá jẹ́rìí sí i. Wọ́n kọ́ ẹ̀wọ̀n síbẹ̀ lóòótọ́ láyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1893, ṣùgbọ́n wọn kò fi ẹlẹ́wọ̀n kankan sínú rẹ̀. Ibi ìyàsọ́tọ̀ fún àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n ní àrùn ni wọ́n sọ ọ́ dà. Ohun tí wọ́n ń lọ wò níbẹ̀ báyìí ni àwọn ìjàpá ńláńlá tí wọ́n kó àwọn ìyá àti baba wọn wá láti Seychelles. Wọ́n dára láti wò. Àwọn ọ̀bọ pupa Jozani, tí kò sí ibi mìíràn láyé tí wọ́n ti wá yàtọ̀ sí Zanzibar, yẹ ní wíwò ju tiwọn lọ. Ẹni tó bá ní ọjọ́ kejì, kó lọ sí Jozani. Ní ti àwọn dolphin Kizimkazi, kó fi wọ́n sílẹ̀. Ọkọ̀ púpọ̀ ló ń lé wọn kiri lórí omi kí àlejò lè bẹ́ sínú omi tì wọ́n, ẹranko tó sì ń sá fún ọkọ̀ láti àárọ̀ kì í ráyè bọ́ ọmọ rẹ̀.

Àwọn tó bá fẹ́ tako èyí yóò sọ̀rọ̀ owó. Òótọ́ ni pé gbígba amọ̀nà àti ọkọ̀ fún ara ẹni wọ́n ju ìjókòó kan nínú bọ́ọ̀sì lọ. Ṣùgbọ́n bí ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin bá pín in, tí wọ́n sì yọ owó ọkọ̀ ojú omi àti tíkẹ́ẹ̀tì ibi mẹ́rin tí wọn kò lọ kúrò, àlàfo náà kì í pọ̀ mọ́. Ìyá àgbà á lè jókòó sórí pèpéle òkúta iwájú ilé nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò máa wo aago lé e lórí. Tó bá jẹ́ Jímọ̀, àwọn mùsùlùmí inú wọn á rí mọ́sálásí ní wákàtí tó yẹ. Tó bá jẹ́ oṣù Ramadan, amọ̀nà á ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹun lójú pópó. Òun náà ni yóò sọ fún ọmọbìnrin inú wọn, kí wọ́n tó kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì, pé kó fi ìborùn kan sápò, torí pé ìlú onísìn ni Stone Town, ṣòkòtò etí òkun kò yẹ àwọn òpópónà rẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní àwọn lè dá rìn. Wọ́n lè rìn ín. Òpópónà ibẹ̀ tóóró tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ kò lè wọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó sì dùn láti sọnù sínú wọn fún wákàtí kan. Wọ́n á rí àwọn ìlẹ̀kùn gbígbẹ́ tó ní ìṣó idẹ ńláńlá lára. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló lè fi hàn pé èyí tí orí rẹ̀ tẹ́jú jẹ́ ti àwọn Làrúbáwá, èyí tó tẹ̀ kọrọdọ lórí jẹ́ ti àwọn oníṣòwò tó wá láti Íńdíà, àti pé láti ara ìlẹ̀kùn nìkan ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó ni owó nígbà náà. Etí òkun ni wọ́n á ti rí ilé ńlá kan. Beit al-Ajaib nìyẹn, ààfin tí Barghash kọ́ ní 1883. Apá kan rẹ̀ wó lulẹ̀ ní December 2020. Ojú lásán kò lè mọ ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó tó yẹ kí wọ́n máa bẹ̀rù ni èyí tó wà ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà ní èbúté àti ní etí òkun, papasi ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n, tí wọ́n á fara mọ́ àlejò, tí wọ́n á ní amọ̀nà ni àwọn. Amọ̀nà gidi ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìrìn àjò afẹ́ ní Zanzibar, ó sì gbọ́dọ̀ lè fi káàdì rẹ̀ hàn. Ìṣòro kejì fara sin jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀pọ̀ ìrìn olówó pọ́ọ́kú ló ń rí èrè rẹ̀ padà láti inú ìdá tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ń san fún ẹni tó bá kó àlejò wá. Bí ọjọ́ ṣe ń parí sí ìsọ̀ aṣọ àti ìsọ̀ ère nìyẹn. Ẹni tó bá ti san owó tó tó fún amọ̀nà rẹ̀ lè sọ tẹ́lẹ̀ pé òun kò fẹ́ ṣọ́ọ̀bù, amọ̀nà náà kò sì ní pàdánù nǹkan kan.

Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìrìn àjò yìí ní Èkó àti Ìbàdàn náà. Kí ìwé tí wọ́n ń fún oníbàárà kọ orúkọ amọ̀nà àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀ sílẹ̀, kó sọ wákàtí tí wọ́n á lò lóko àti wákàtí tí wọ́n á lò ní Stone Town, kó sì sọ iye tí amọ̀nà náà fúnra rẹ̀ yóò gbà. Kí wọ́n gbéra ní aago méje àárọ̀, kí oòrùn tó mú lóko. Ilé iṣẹ́ tí kò bá lè kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀, kí oníbàárà gbé owó rẹ̀ lọ bá ẹlòmíràn.