Búrẹ́dì Tí Kò Sọnù

Ní ilẹ̀ Faransé, oúnjẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní pain perdu. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni «búrẹ́dì tó sọnù». Orúkọ yìí kò tọ́ sí i. Búrẹ́dì náà kò sọnù. Ó wà nínú àwo, ó ń gbóná, ó sì ń ta sánsán.

Búrẹ́dì gígùn ni àwọn ará Faransé fẹ́ràn. Àwọn ọmọ Kétu àti Àjàṣẹ́ náà mọ irú rẹ̀. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, inú rẹ̀ rọ̀, èèpo rẹ̀ sì ń dún lẹ́nu. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ó ti le bí igi. Àwọn kan á ní: «Ẹ dà á nù!» Wọn kò rò ó dáadáa. Àgbẹ̀ ti gbin àlìkámà, ó ti kórè rẹ̀. Wọ́n ti lọ̀ ọ́. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ti jí lóru láti pò ó, láti yan án. Ṣé nítorí pé ó le ni gbogbo iṣẹ́ yẹn á fi ṣòfò?

Ní àríwá ilẹ̀ Faransé, ní agbègbè ìlú Lille, ìyá àgbà mọ ohun tí yóò fi búrẹ́dì líle ṣe. Ó máa ń gé e. Ó máa ń po ẹyin mọ́ mílíìkì. Ó máa ń rì ègé kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀. Búrẹ́dì náà á mu mílíìkì bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu òjò àkọ́rọ̀. Ìyá àgbà á yọ́ bọ́tà nínú páànù, á sì dín in títí ojú méjèèjì yóò fi pọ́n bí àkàrà.

Ó ku ṣúgà. Ṣúgà ti ibẹ̀ yẹn kì í ṣe funfun. Ó pọ́n, ó sì rọ̀ bí iyanrìn tútù. Vergeoise ni orúkọ rẹ̀. Òtútù kì í jẹ́ kí ìrèké hù níbẹ̀, nítorí náà, inú gbòǹgbò kan tí wọ́n ń pè ní betterave ni wọ́n ti ń rí ṣúgà. Bí ó bá bọ́ sórí búrẹ́dì gbígbóná, ó máa ń yọ́.

Àwọn mìíràn ní búrẹ́dì tuntun ló yẹ kí wọ́n fi ṣe é. Rárá o! Búrẹ́dì tuntun rọ̀ jù. Bí ó bá wọ inú mílíìkì, á já, á di ẹ̀kọ mímu. Èyí tó le ló ń dúró. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì tó le yàtọ̀ sí èyí tó ti bu. Èyí tó bu, kí wọ́n dà á nù. Gígé ibi tó bu kúrò kò tó, nítorí bíbu náà ti lè wọ inú.

Nígbà òtútù, ilẹ̀ máa ń tètè ṣú ní Lille. Ọmọ kan lè ti ilé-ìwé dé, kí òjò ti pa á, kí ìṣirò má sì yé e lọ́jọ́ náà. Ó jókòó, kò sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà kò béèrè nǹkan kan. Ó gbé àwo kalẹ̀. Ọmọ náà jẹ ègé kan. Ó jẹ èkejì. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì mú ìwé ìṣirò jáde nínú àpò.