Bí Sinimá Ṣe Bọ́ Mọ́ Ìlú Kéékèèké Lọ́wọ́

Lọ́dún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá han ará Nàìjíríà, ní Gbọ̀ngàn Glover l'Ékòó. Ní 1976, Ọlá Balógun gbé "Àjàní Ògún" jáde lédè Yorùbá. Nígbà tó fi di 1990 sókè, náírà ti já wálẹ̀, ẹ̀rù olè kò jẹ́ kéèyàn jáde lóru, fídíò sì ti wọ pálọ̀. Ni ọ̀pọ̀ ilé sinimá bá di ṣọ́ọ̀ṣì. Láti 2004 ni wọ́n ti ń kọ́ tuntun, àmọ́ ìlú ńlá ni wọ́n ń kọ́ wọn sí.

Ṣé kí ará Ìrémọ n'Ílé-Ifẹ̀ wá máa dá wòran nílé ni? Olóògbé Hubert Ògúndé kò dúró de ilé sinimá. Gbọ̀ngàn ìlú ló ń gbé fíìmù rẹ̀ kiri. Ìjọba ìbílẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.