Ẹ Yéé Bi Wọ́n Pé "Ṣé O Ti Páàsì?"

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin feèlì ìdánwò láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì. Látìgbà náà, gbogbo àdúgbò wa n'Íkòròdú ló ń bi í pé, "Ṣé o ti páàsì?" Èmi náà bi í rí. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà jáde báyìí. Ní Sátidé, ó ń wọkọ̀ lọ Ẹ̀pẹ́ lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kàwé.

Ẹni tó feèlì tó tún jókòó kàwé kì í ṣe ọ̀lẹ. Tíṣà ni Kofoworola Abeni Pratt tẹ́lẹ̀. 1946 ló lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, 1950 ló tó gbàwé ẹ̀rí. Ní 1964, ó di mátírọ̀nù UCH Ìbàdàn.

Ẹ̀yin ará kíláàsì mi, bẹ́ ẹ bá nírú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ má béèrè. Ẹ bá a fọ abọ́, kó ráyè kàwé.