Ọjọ́ Orí Ajá Ni Ká Fi Bu Oúnjẹ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ajá ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ajá kì í ṣe ènìyàn tí à ń ṣètò oúnjẹ fún, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa n'Íbàdàn.

Abo ajá wa, tí bàbá mi sọ ní Tanímọ̀la, bí ọmọ méje lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó ṣe ń jẹun kó tó lóyún náà ló ń jẹun lẹ́yìn ìbímọ: ẹ̀bà lálẹ́, omi ọbẹ̀, àti orí ẹja tó bá ṣẹ́ kù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, a jí lówùúrọ̀, a bá a tó ń gbọ̀n, tó ń mí gúlegúle, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le gbagidi. Aládùúgbò kan ní wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ. Ìyá mi ti ń wá epo pupa. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀gbọ́n mi tó gbé e sínú ọkọ̀, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ọ̀sìn. Dókítà béèrè iye ọmọ tó ń mu ọmú rẹ̀, ó béèrè ohun tó ń jẹ, ó sì rọra fa kálísíọ̀mù sí i nínú iṣan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ajá ti dìde dúró. Kò sí májèlé kankan. Kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló bá wàrà lọ.

Dókítà ní kí a gba àwọn ọmọ náà lẹ́nu ọmú fún ìgbà díẹ̀. Àwa kò béèrè ohun tí a ó fi rọ́pò rẹ̀. Wàrà màlúù alágolo ni a fi omi là fún wọn. Ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀, èyí tó kéré jù nínú wọn sì kú ní ọjọ́ kẹta. Èmi ni mo gbẹ́lẹ̀ fún un lẹ́yìn ilé. Àìmọ̀ wa ló pa á, kì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ajá rí: ohun tó yẹ ọmọ kò yẹ ìyá, ohun tó yẹ ìyá kò yẹ arúgbó.

Ọmọ ajá

Wàrà ìyá rẹ̀ nìkan ló tó o fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí ìyá kò bá sí, wàrà tí a ṣe fún ọmọ ajá ni kí ẹ wá. Ṣúgà kan wà nínú wàrà màlúù tí ikùn ọmọ ajá kì í lè dà dáadáa, òun ló sì ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ lè fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ oúnjẹ ọmọ ajá títí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu. Ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, a lè já a lẹ́nu ọmú pátápátá.

Ọmọ ajá ń dàgbà lójoojúmọ́, ikùn rẹ̀ sì kéré. Nítorí náà, ẹ fún un lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́ títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà, kí ẹ tó sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì. Ìlànà AAFCO ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń tẹ̀ lé, ní kí purotéènì inú oúnjẹ ọmọ ajá má dín ní ìdá 22.5 nínú 100 bí a bá yọ omi inú rẹ̀ kúrò. Ti àgbà ajá jẹ́ ìdá 18. Ẹ wò ó lára àpò kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin Boerboel tàbí German Shepherd, ẹ má ṣe bu kálísíọ̀mù lé oúnjẹ ọmọ wọn kí egungun lè tètè nípọn. Ara ọmọ ajá kò lè kọ èyí tó pọ̀ jù, egungun rẹ̀ sì lè wọ́.

Aboyún àti ìyá ọmọ

Nǹkan bí ọjọ́ 63 ni oyún ajá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ìdí láti fi púpọ̀ kún oúnjẹ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn ni kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì yí i sí oúnjẹ ọmọ ajá tó lágbára. Bí ó bá ti ń fún ọmọ lọ́mú, ó lè jẹ ìlọ́po méjì sí mẹ́rin ohun tó ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe ṣahun sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má fún aboyún ní kálísíọ̀mù láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ó lè mú kí ara gbàgbé bí a ṣe ń yọ ọ́ láti inú egungun nígbà tí wàrà bá dé.

Ajá tó ti dàgbà

Ẹ̀bà ń yó ajá, kò ń tọ́jú rẹ̀: gàrí fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní purotéènì rárá. Ẹja, ẹyin sísè àti ẹran ló ń mú iṣan le. Síbẹ̀, ẹran nìkan kò ní kálísíọ̀mù tó, nítorí náà kí ẹni tó ń dáná fún ajá rẹ̀ gba ìmọ̀ràn dókítà lórí àdàlù rẹ̀.

Àsanjù náà léwu. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2002 lórí ajá Labrador 48, àwọn tí a fún ní oúnjẹ tó fi ìdá mẹ́rin dín ní ti ẹlẹgbẹ́ wọn fi nǹkan bí ọdún méjì dín díẹ̀ pẹ́ láyé jù wọ́n lọ. Ẹ fọwọ́ kan ìhà ajá yín: ó yẹ kí ọwọ́ mọ egungun rẹ̀ lára láìsí pé ojú ń kà á.

Arúgbó ajá

Sùúrù, akọ ajá wa, ti pé ọdún 11, eyín rẹ̀ sì ti ń yọ. Oúnjẹ rírọ̀ ló ń jẹ báyìí. Mo ti rò pé purotéènì kò dára fún arúgbó. Dókítà ní iṣan arúgbó ń joro, ó sì nílò rẹ̀, àfi bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kíndìnrín ti ń ṣàìsàn. Bí arúgbó ajá bá ń mu omi púpọ̀, tó ń tọ̀ púpọ̀, tó sì ń rù, ẹ má ṣe dá a dúró sílé.

Ohun tí kò yẹ ajá kankan

Omi ọbẹ̀ tí à ń dà sí ẹ̀bà kún fún àlùbọ́sà, àlùbọ́sà àti aáyù sì ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ṣokoléètì, èso àjàrà àti ṣingọ́ọ̀mù tó ní xylitol lè pa á. Egungun sísè ń fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun. Bí ẹ bá sì fẹ́ pààrọ̀ oúnjẹ ajá yín, ẹ máa pò ó mọ́ ti tẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ 7 sí 10.

Ọmọ mẹ́fà tó kù ti dàgbà. A fi márùn-ún tọrẹ, ọ̀kan kù sílé. Lálẹ́ àná, àwo mẹ́ta ni mo tò sí ẹ̀yìn ilé: ti ọmọ, ti ìyá, àti ti Sùúrù. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìwọ yìí, o ti sọ ajá di àlejò." Kí ó tó wọlé, òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹyin sísè kan kún ti Tanímọ̀la.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.