Ẹ Má Kánjú Dá Eré Lẹ́jọ́
Ní 1976, Patrice Chéreau, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé *Ring*, eré olórin tí Wagner kọ, sórí ìtàgé ní Bayreuth, ní Jámánì. Dáàmù tó ń pèsè iná mọ̀nàmọ́ná ló fi rọ́pò odò Rhine inú eré náà. Àwọn òǹwòran pariwo, wọ́n súfèé; wọ́n ní ó ba ogún àwọn jẹ́. Chéreau tún àwọn ibì kan ṣe lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n dáàmù kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn ní 1980, àtẹ́wọ́ ju wákàtí kan lọ. Ẹ̀yin lámèyítọ́, ẹ padà lọ wo eré lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ tó dájọ́. Ogún tí a kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, àwọn ọmọ kò ní mọ̀ ọ́n lò.