Chin-chin ọdún ń dín kù nínú abọ́: Ṣé ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ lè kún un padà?

Bí oṣù Kejìlá bá ti ń parí lọ, tàbí tí ọdún Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, òórùn chin-chin inú òróró gbígbóná a máa ta sánsán láti ilé dé ilé káàkiri Nàìjíríà. Àwọn ọmọ a gé e, ìyá a dín in, aládùúgbò a sì gba tirẹ̀ nínú abọ́, ìbáà ṣe Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì.

Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé, abọ́ náà kò kún bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ahun. Orí fúláwà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ló gbé owó fúláwà sókè?

Àlìkámà tí Nàìjíríà ń gbìn kò tó èyí tó ń jẹ. Èyí tó pọ̀ jù ló ń ti òkè òkun wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Ọ̀gbìn yìí fẹ́ òtútù, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìpínlẹ̀ òkè Ọya bíi Kano, Jigawa àti Kebbi ni wọ́n ti ń gbìn ín lásìkò ọyẹ́.

Nígbà tí Rọ́ṣíà kógun wọ Ukraine lóṣù Kejì ọdún 2022, ọjà àlìkámà àgbáyé mì tìtì. Kí ọgbẹ́ yẹn tó jinná, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà lóṣù Kẹfà ọdún 2023. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi 460 náírà kọjá 1,500 náírà lóṣù Kejì ọdún 2024.

Ǹjẹ́ ìwúkàrà àfọwọ́ṣe lè ṣèrànwọ́?

Lásìkò ìsémọ́lé Kòrónà lọ́dún 2020, tí yíìsì di ọ̀wọ́n ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ èèyàn padà sí ṣíṣe ìwúkàrà nílé. Wọ́n á po fúláwà mọ́ omi, wọ́n á sì máa fi kún un lójoojúmọ́ títí yóò fi kan. Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó mọ bí ògì ṣe ń kan. Àmọ́ owó yíìsì nìkan ló lè dín kù. Chin-chin kì í sábà nílò yíìsì, fúláwà gan-an ni ìnáwó rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀gẹ́ ti wúlò

Ìjọba Olusegun Obasanjo pàṣẹ pé kí wọ́n máa po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ fúláwà, ìdá 10 nínú 100. Ìjọba Goodluck Jonathan náà polówó búrẹ́dì ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n ètò náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lára ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀gẹ́ kò ní èròjà gluten tó ń jẹ́ kí búrẹ́dì wú.

Chin-chin ní tirẹ̀ kò nílò àtiwú. Kó gbẹ, kó sì máa dún lẹ́nu ni wọ́n ń fẹ́, ẹyin sì lè bá wọn dì í mú. Ìyẹ̀fun yìí yàtọ̀ sí láfún: wọn kì í rẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kó kan, láàárín ọjọ́ kan tí wọ́n bá hú u ni wọ́n ń rin ín, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì ń sá a.

Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lágbàáyé, síbẹ̀ ìyẹ̀fun yìí ṣọ̀wọ́n lọ́jà àdúgbò, nítorí bí gààrí bá ti wọ́n, ìdí gààrí ni ẹ̀gẹ́ ń gbà lọ. Bí ìjọba bá tún fẹ́ gbé ètò náà dìde, ìpápánu bíi chin-chin ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe búrẹ́dì.

Títí dìgbà náà, àwọn ìdílé yóò máa fi ìwọ̀nba dín chin-chin ọdún, aládùúgbò tó ń retí abọ́ ni yóò sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.