Àbàtà àti Odò: Ọ̀rọ̀ Ilé Kíkọ́ ní Etí Títì Márosẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti wo ilẹ̀ dáadáa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àbàtà a jókòó jẹ́ẹ́, koríko a hù lórí rẹ̀, odò a sì máa ṣàn lọ ní tirẹ̀ bí ẹni pé wọn kò mọ ara wọn rí. Bí òjò bá dé, tí odò kún dé etí, ọ̀dọ̀ àbàtà ni í wọ̀ sí. Ẹbí kan náà ni àwọn méjèèjì.

Ìbátan yìí ni ó yẹ kí ó wà lọ́kàn àwọn tí a gbé ìwé ètò ilé tuntun lé lọ́wọ́ láti yẹ̀ wò, pàápàá ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ odò Ògùn, níbi tí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn gbé gba àárín irà kọjá. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí títì náà ní ọdún 1978 ni àwọn ènìyàn ti ń wá ilẹ̀ lọ sí ìhà Ìṣẹ̀rí. A kò lè bá wọn wí. Èkó kún, owó ilé gbówó lórí, òṣìṣẹ́ sì ń fẹ́ ibi tí ọkọ̀ kò ti ní wọ́n ọn.

Ṣùgbọ́n Yorùbá ti mọ irú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ohun tí ó wà fún. Àkùrọ̀ ni wọ́n ń pe ilẹ̀ olómi tí wọ́n fi ń dáko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: ibẹ̀ ni ẹ̀fọ́, ata àti àgbàdo ti ń jáde nígbà tí oko òkè bá ti gbẹ. Orí ilẹ̀ gíga ni wọ́n ń kọ́lé sí, nítorí ògiri alámọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń mu omi yóò wó. Àwọn kan ń sọ pé bulọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì ti pa àṣà yìí rẹ́. Sìmẹ́ǹtì lè gba ògiri là, ṣùgbọ́n kò lè sọ ibi tí omi yóò lọ fún omi. Ẹ wo àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ẹ̀gùn tí ń gbé ní Mákòkó: òpó igi ni wọ́n fi gbé ilé wọn sókè, omi sì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n ń bá omi gbé láìgba ilé rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Iyanrìn tí wọ́n ń rọ́ dí irà kí wọ́n tó kọ́ ẹ́síteèti, ilé omi ni ó ń gbà. Omi tí a lé níbẹ̀ kò kú. Ilé aládùúgbò ni ó ń yà sí, àgàgà abúlé àtijọ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ ti wá rẹlẹ̀ ju ti àlejò lọ.

Ìbàdàn kò lè gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa, tí ilé àti pàǹtí ti há mọ́, ya wọ ìgboro, tí ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 200. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983, lé àwọn ènìyàn kúrò nílé ní Àjẹgúnlẹ̀ tí ó wà lọ́nà Ìkòròdú. Inú odò Ògùn ni odò Ọ̀yán ń ṣàn sí. Odò Ògùn fúnra rẹ̀, ìhà Ṣakí ni ó ti ń bọ̀. Ẹni tí ó ń yẹ ètò ilé wò ní Ìṣẹ̀rí kò gbọdọ̀ ka òjò àdúgbò nìkan.

Títì náà ń jẹ́rìí. Àwọn tí wọ́n ṣe é kò ṣèèṣì na afárá tí àwọn awakọ̀ ń pè ní Long Bridge gùn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé odò ń fẹ́ àyè. Níbi tí kò ti sí afárá, bí ògiri ni títì ga sókè, ihò abẹ́ rẹ̀ nìkan ni omi ń gbà. Bí iyanrìn bá dí ẹnu ihò náà, orí títì ni omi yóò gùn. Kí a tilẹ̀ fi ti omi sílẹ̀, ènìyàn ńkọ́? Àwòrán ẹ́síteèti a máa fi ẹnubodè ẹlẹ́wà hàn, pẹ̀lú òdòdó lọ́tùn-ún lósì. Ibi tí ọmọ ilé-ìwé yóò ti sọdá láàárín tírélà àti táńkà epo kì í sábà sí nínú rẹ̀. Bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ bá ń gba ẹnubodè kan ṣoṣo já sí títì márosẹ̀ láràárọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí gbogbo ayé ń ráhùn lé lórí ni a tún ń dá sílẹ̀.

Òfin wà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1992 lórí àyẹ̀wò àyíká sọ ọ́ di dandan pé kí a ṣe àyẹ̀wò ètò ilé tí ó bá tó hẹ́kítà 50 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n omi kò mọ hẹ́kítà. Bí ẹ́síteèti 10 bá gba hẹ́kítà 10-10 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, hẹ́kítà 100 irà ti lọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó tó iye tí òfin dá. Ó yẹ kí a máa ro gbogbo wọn pọ̀ ni.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń dun jù ni olùkọ́ tàbí akọ̀wé tí ó kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lélẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n mú un lọ wo ilẹ̀. Ó rí ilẹ̀ gbígbẹ, ó sanwó. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìjọba fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ilé rẹ̀ pé ojú omi ni. Ọmọ onílẹ̀ ti ná owó, ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ sì ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Nítorí náà, kí àwọn aṣàyẹ̀wò lọ sí orí ilẹ̀ náà ní oṣù kẹsàn-án tàbí oṣù kẹwàá, nígbà tí odò bá kún. Kí wọ́n mú wọnlẹ̀wọnlẹ̀ dání, kí wọ́n sì pe apẹja, bàbá tí ó ti dá àkùrọ̀ níbẹ̀ rí, àti ìyá tí ń já ẹ̀fọ́ níbẹ̀. Kí wọ́n bi wọ́n léèrè ibi tí omi dé ní ọdún 2010, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé kan náà pẹ̀lú ìṣirò ẹnjiníà, kí òǹtẹ̀ tó balẹ̀.